Ọdún Tí Mọ́mì Kò Sí Nínú Fótò

Ní ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pá irin gíga tó ṣe ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ nàró sáàárín ìgboro Dublin, ìyá mi ra kámẹ́rà. Oníke dúdú ni, irú èyí tí a ń ki fíìmù bọ̀, bí fíìmù bá sì tán, yóò máa kùn bí oyin títí yóò fi ká a padà. Swords là ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó fẹ̀gbẹ́ ti ilé aládùúgbò lọ́tùn-ún àti lósì. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wa. Láti ìdájí ni bàálù ti ń hó kọjá lórí òrùlé, àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sì máa gbọ̀n wọnranwọnran. Dádì, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ náà, kì í jẹ́ kí èyí kọjá lásán. Wọ́n á gbójú sókè nídìí ẹ̀kọ wọn, wọ́n á dá bàálù lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, mò ń bọ̀ wá gbá a." A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, síbẹ̀ a máa ń rẹ́rìn-ín. Lókè àtẹ̀gùn ni kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tó máa ń gbóná nítorí táǹkì omi gbígbóná tó wà nínú rẹ̀. Hot press làwọn ará Ireland ń pè é, aṣọ tí wọ́n bá fọ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ kó lè gbẹ dáadáa. Mọ́mì náà ń kó aṣọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni wọ́n ń gbé ike ògì sí, nítorí ògì kì í tètè kan nínú òtútù ìlú náà. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni òórùn ògì máa ń bá aṣọ ilé-ìwé mi wọ kíláàsì. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ògì kíkan, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n nawọ́ sókè kí n dáhùn ìbéèrè olùkọ́.

Kì í ṣe afẹ́ ni Mọ́mì fi ra kámẹ́rà. Ọmọ fótò ni wọ́n. Bàbá wọn tí gbogbo Ìwó mọ̀ sí Bàbá Fótò ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ìyá wọn, Màmá Ìwó, ṣì wà láyé, àwọn ló sì máa ń to àwọn oníbàárà nígbà ayé ọkọ wọn. Màmá Ìwó ló ń fi páúdà pa ojú ẹni tó ń làágùn, àwọn ló ń yá ẹni tí kò ní kóòtù ní kóòtù, àwọn ló sì mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ Yorùbá jókòó níwájú kámẹ́rà: kó kọjú síwájú, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kí etí hàn, kí ẹsẹ̀ hàn, kó má sì yẹyín síta bí ẹni tó rí àkàrà. Wọ́n a máa sọ pé, "Ẹni tó bá ya fótò láìfẹsẹ̀ hàn, ibo ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ ọ̀hún pamọ́ sí?" Òfin yìí ni Mọ́mì gbé wọ Dublin. Lọ́jọ́ Sátidé, bí a bá ti kúrò ní ilé-kéwú, níbi tí mo ti ń kọ́ Kùránì ní mọ́sálásí, a ó wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ sígboro, èmi pẹ̀lú báàgì ìledìí, Dádì pẹ̀lú àbúrò mi Ràímì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, Mọ́mì pẹ̀lú kámẹ́rà. Lórí afárá funfun kékeré tó dá odò Liffey kọjá, láàárín èrò tó ń lọ tó ń bọ̀, ni wọ́n ti ń pariwo mọ́ ọkọ wọn pé, "Bàbá Rùkáyá, ẹsẹ̀ dà? N ò rí ẹsẹ̀ yín o!" Dádì á sún sẹ́yìn, wọ́n á gún bí ṣọ́jà tí gómìnà fẹ́ yẹ̀ wò, ọmọ tuntun á sì máa sunkún láyà wọn. Ọ̀pá irin gíga yẹn ló fojú Mọ́mì rí nǹkan jù. Wọ́n fẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ hàn, wọ́n sì fẹ́ kí bàtà wa hàn. Wọ́n ń fẹ̀yìn rìn lọ, wọ́n ń fẹ̀yìn rìn lọ, títí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan fi fọn fèrè mọ́ wọn. Nígbà tí fótò náà jáde, ọ̀pá dúró gbọn-in, àwa dà bí èèrà tó ń ṣe ìpàdé nídìí rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí Màmá Ìwó ń béèrè jùlọ kì í ṣe ọ̀pá. Wọ́n fẹ́ mọ irú omi tí à ń mu, irú ibi tí à ń sùn, bóyá àwọn aládùúgbò ń kí wa. Nítorí náà Mọ́mì ya ẹnu ẹ̀rọ omi wa. Wọ́n ya obìnrin tó ń ta òdòdó ní ojú pópó, wọ́n ya àgbọ̀nrín tó ń jẹko ní páàkì ńlá bí ẹni pé kò sí ọdẹ láyé mọ́, wọ́n ya àwọn kireeni tó kún ojú sánmà, nítorí gbogbo Dublin ni wọ́n ń kọ́lé sí lọ́dún náà, tí iṣẹ́ sì pọ̀ bí erùpẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ya òjò. Dádì ní, "Ìyá Rùkáyá, òjò wà ní Ìwó." Mọ́mì ní, "Kì í ṣe irú èyí. Ti Ìwó máa ń dá." Nínú gbogbo fótò wọ̀nyí, Mọ́mì kò sí. Bí a bá ní kí wọ́n bọ́ sí i, wọ́n á ní ara àwọn kò tíì padà sípò láti ìgbà tí àwọn ti bímọ, kí a jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ dá aṣọ tuntun. Dádì ti gbìyànjú láti yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ìka ara wọn ni wọ́n yà, ìka ńlá pupa kan tó bo gbogbo ojú fótò. Mọ́mì gba kámẹ́rà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Fíìmù kì í ṣe omi ẹ̀rọ, Bàbá Rùkáyá." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Èmi náà kò rò ó rárá. Ọmọdé kì í wá ẹni tó ń wo òun.

Ẹnìkan láti mọ́sálásí wa tó ń lọ sí Nàìjíríà ló bá wa kó àwọn fótò náà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n dé Ìwó, Mọ́mì ra káàdì fóònù, wọ́n ha á, wọ́n pe nọ́ńbà Bùọ̀dá Tàófíìkì, àbúrò wọn tó ń gbé pẹ̀lú Màmá Ìwó. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló wà lórí iná, ooru ti bo fèrèsé ilé ìdáná, èmi sì ń pọ́n Ràímì kí Mọ́mì lè ráyè. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì tó máa ń jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí a gbọ́ bí ìyá wọn yóò ṣe máa yin fótò.

"Màámi, ẹ káàsán o. Sìdíkátù ni."

Màmá Ìwó ní, "Káàsán, Sílífà."

Àǹtí Sílífà ni ẹ̀gbọ́n Mọ́mì tó wà ní London. Ohùn àwọn méjèèjì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí Dádì fúnra wọn máa ń ṣì wọ́n mú lórí fóònù. Mọ́mì rẹ́rìn-ín. "Màámi, Àǹtí Sílífà kọ́. Èmi Sìdí ni."

"Sílífà, mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n orí mi ṣì pé. Níbo lẹ sin ín sí?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. "Sin ta ni?"

"Ẹ ti kó fótò ránṣẹ́. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tuntun wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọmọ tuntun wà lẹ́sẹ̀ Rùkáyá. Ọmọ tuntun dá wà nínú kẹ̀kẹ́. Ìyá ọmọ tuntun dà?"

"Èmi ni mò ń ya fótò, màámi!"

"Ẹ̀ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ń kí mi láti Kùmásì, tó sì jẹ́ pé ó ti wà nínú sàréè ṣáájú Iléyá."

Mo ti wá dàgbà báyìí, mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ Mọ́mì lára tó bẹ́ẹ̀. Láàárín wa, a kì í sọ irú ikú bẹ́ẹ̀ fún ìyá arúgbó ní tààrà. A ó kọ́kọ́ máa sọ pé ara rẹ̀ kò yá, a ó ní ó rìnrìn àjò, a ó máa jíṣẹ́ ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò rán wa, títí ìyá yóò fi rí i fúnra rẹ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọgbín lẹ́nu. Ìfẹ́ la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti ṣe irú ìfẹ́ yìí fún lẹ́ẹ̀kan kì í gbà wá gbọ́ mọ́. Mọ́mì ní kí ìyá wọn bi àwọn ní ìbéèrè. Màmá Ìwó béèrè orúkọ ewúrẹ́ tó jẹ kóòtù tí wọ́n ń yá àwọn oníbàárà. Mọ́mì pariwo, "Gbáládùn!" Màmá Ìwó ní, "Sílífà náà wà nílé lọ́jọ́ náà." Wọ́n fi fóònù lé Bùọ̀dá Tàófíìkì lọ́wọ́, a sì gbọ́ tí wọ́n ń sunkún lọ sínú yàrá.

Bùọ̀dá Tàófíìkì sọ èyí tó burú jù. "Àǹtí mi, màámi ò jẹun mọ́ o. Ògì lásán ni wọ́n ń mu, ìyẹn náà, lẹ́yìn tí a bá bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí Àáfáà. Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni fìdáù yín."

"Fìdáù ta ni?"

"Tiyín ni. Wọ́n ti ní ká wá màlúù."

Fìdáù ni àdúrà tí àwa Mùsùlùmí ń ṣe fún òkú. Mọ́mì jókòó sórí àga ilé ìdáná. Ìrẹsì ń jóná, kò sẹ́ni tó pa iná. Dádì fẹ́ dẹ́rìn-ín pa wọ́n, wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ màlúù ni, kí wọ́n bá mi fi itan sílẹ̀." Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá mi ń febi pa ara rẹ̀ nítorí mi, mo sì wà láyè." Wọn kò lè wọ bàálù lọ fi ojú hàn, nítorí ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde, ẹni tó bá sì jáde ní Ireland nígbà náà láìní ìwé, kò dájú pé wọn yóò jẹ́ kó wọlé padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bàálù ń kọjá lórí òrùlé wa lọ́tùn-ún lósì, Mọ́mì kò sì rí ọ̀kan wọ̀.

Ẹ óò ní kí wọ́n ṣáà ya fótò ara wọn ránṣẹ́. Ohun tí Dádì sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Tàófíìkì ti kìlọ̀: "Ẹ rántí iṣẹ́ Bàbá o." Nígbà ayé Bàbá Fótò, bí ẹnìkan bá kú láìya fótò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n á mú fótò rẹ̀ àtijọ́ wá. Bàbá Fótò á fi sísọ́ọ̀sì gé e jáde, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sáàárín àwọn ọmọ, wọ́n á fi pẹ́ńsù dúdú pa ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rẹ́, wọ́n á sì tún gbogbo rẹ̀ yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkú á jókòó gbọn-in láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Mọ́mì fúnra wọn ló ń di abọ́ gọ́ọ̀mù mú. Màmá Ìwó ló ń yan èyí tó jókòó dáadáa jù nínú fótò òkú. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fi fótò tàn jẹ ní ilé yẹn. Síbẹ̀, ṣé ẹni tí odò ń gbé lọ máa ń yan koríko? Mọ́mì dá aṣọ tuntun kíákíá lọ́dọ̀ obìnrin kan ní mọ́sálásí, wọ́n ki fíìmù tuntun bọ kámẹ́rà, wọ́n ní gbogbo wa ń lọ sígboro lọ́jọ́ Àìkú.

Dádì di kámẹ́rà mú lẹ́ẹ̀kan, Mọ́mì rí ìka wọn, wọ́n gbà á. Wọ́n wo èrò tó ń kọjá lórí afárá, wọn kò fọkàn tán ẹnì kankan nínú wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ àwọn. Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Rùkáyá, sọ Bísímílà." Mo sọ ọ́. Wọ́n gbé okùn kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n lọ jókòó sórí àga onígi tó wà létí odò, wọ́n gbé Ràímì lé ẹsẹ̀, wọ́n kọjú síwájú, ojú wọn dá bíi tẹni tó wà níwájú adájọ́.

"Ṣé o rí ẹsẹ̀ mi?"

"Yeah."

"Má dá mi lóhùn ní *yeah*. Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, mà."

Mo yà wọ́n níbẹ̀, mo yà wọ́n níwájú àwọn òpó ńláńlá ilé ìfìwéránṣẹ́, mo yà wọ́n nídìí ọ̀pá irin. Ibi gbogbo ni wọ́n ti jókòó tàbí kí wọ́n dúró gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Nígbà tí a padà sórí afárá láti lọ wọ bọ́ọ̀sì, ó ku fótò kan ṣoṣo. Mo rí ẹyẹ odò funfun kan tó bà sórí irin afárá lódì kejì, mo bá fẹ́ ya òun náà. Mo gun irin ìsàlẹ̀, mo fàyà lé èyí tó wà lókè, mo na kámẹ́rà sórí odò. Mo gbọ́ tí Mọ́mì figbe ké orúkọ mi. Mo yí padà sí wọn lójijì, ìbẹ̀rù sì mú kí ìka mi tẹ kámẹ́rà. Ó tàn yẹ̀rì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kùn, fíìmù ti tán. Mọ́mì fà mí sọ̀kalẹ̀ létí. Ọ̀gbẹ́ni ará Ireland kan tó ń kọjá ní, "Ah, she's grand, missus," ìyẹn ni pé kò sóhun tó ṣe mí. Mọ́mì ní, "She is not grand. She is going to fall inside water and die." Etí mi gbóná títí a fi dé Swords.

Ọjọ́ kejì ni ẹlòmíràn láti mọ́sálásí tó ń lọ sí Nàìjíríà fẹ́ wọ bàálù. Dádì gba fótò nílé ìtajà tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì gbé e tààrà lọ bá a ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó wọṣẹ́. Mọ́mì kò rí ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bi Dádì pé ṣé wọ́n yọ àwọn tó bàjẹ́ kúrò, Dádì ní, "Èwo ló ń jẹ́ bàjẹ́? Ìka mi ò sí níbẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni Mọ́mì ti ń gbààwẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá àwọn kò bá jẹun, oúnjẹ kò ní wọ ọ̀nà ọ̀fun àwọn náà. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pẹ́ lórí ẹní, àtẹ́lẹwọ́ ṣíṣí, wọn kì í sọ̀rọ̀ sókè. Mo máa ń jókòó lẹ́yìn wọn, n ó máa ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, èyí tí kò tíì pọ̀, n ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Mo ti rí oore Ọlọ́hun lọ́nà púpọ̀ láti ìgbà náà, mo ti rí i nínú iṣẹ́, nínú ìwé ìgbélùú tó padà jáde, nínú àwọn ọmọ tèmi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Mọ́mì lórí ẹní yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń tọrọ nǹkan bí ẹni tí kò ní ibòmíràn lọ.

Ó ku ọ̀la kó jẹ́ Jímọ̀ nígbà tí fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, tó sì gé. Àmì Bùọ̀dá Tàófíìkì nìyẹn pé kí a pe òun. Mọ́mì ha káàdì, èmi ló ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Bùọ̀dá Tàófíìkì kò kí wa. Wọ́n ní, "Màámi nìyí."

A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. A gbọ́ tí fótò ń dún lórí ara wọn bí wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò.

Màmá Ìwó ní, "Mo ti rí èyí tó jókòó létí odò. Mo rí èyí tó dúró nídìí òpó. Wọ́n dára. Bàbá yín ṣe jù báyìí lọ nígbà ayé rẹ̀, ó fi òkú ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó. Mo kó gbogbo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Mọ́mì di ojú wọn. Dádì gbé ọwọ́ lé wọn léjìká.

"Ọ̀kan ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ yìí. Ó wọ́, bí ẹni pé ilé fẹ́ wó. Gèlè ti já sẹ́yìn ọrùn, ẹnu là sílẹ̀ gbàgà títí dé ọ̀fun, wọ́n há ọmọ tuntun sábíyá bí ẹ̀kọ, bàtà ọmọ kan ò sí, ìka kan nà jáde bí ẹni fẹ́ fi yọ ènìyàn lójú. N ò rí ẹsẹ̀ kankan."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.

"Sìdíkátù!"

"Màámi."

"Kí ni ọmọ ọmọ mi ṣe fún ọ tí o fi ń la irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lójú títì?"

Mọ́mì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná, orúnkún méjèèjì lórí ilẹ̀ tútù, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń tẹrí ba níwájú àwọn kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni pé ìyá wọn jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, màámi. Ẹ má bínú. N ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"O máa ṣe é. Láti kékeré ni o ti ń ṣe é. Tàófíìkì! Lọ sọ fún Àáfáà pé mi ò ṣe mọ́. Kí o sì bá mi wo ohun tó wà nínú ìkòkò bí o bá ń bọ̀."